Lẹ́tà Tí Fàdílátù Kò Pa Rẹ́

Fàdílátù Àrówólò ní kí a kọ orúkọ òun síbẹ̀ bó ṣe rí. Ó ní òun mọ̀ pé àwọn tó ń jẹ́wọ́ nínú ìwé ìròyìn máa ń ní kí wọ́n yí orúkọ àwọn padà, ṣùgbọ́n ènìyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti rí ohun tí òun ṣe kí ẹ̀yin tó rí i, gbogbo wọn ló sì mọ òun dáadáa. Kò sí ohun tó kù láti fi pamọ́.

Ọdún 2001 ni. Fàdílátù jẹ́ opó ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta, ó ń gbé yàrá méjì ní Lagos Town, ní Accra. Bushrah, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, wà ní London. Nígbà tí Fàdílátù fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ táípíìsì tó fi ogún ọdún ṣe, Bushrah fi kọ̀ǹpútà àlòkù kan ránṣẹ́ sí i, pé kí àwọn lè máa kọ̀wé síra.

Ní ọdún àkọ́kọ́, lẹ́tà mẹ́rin ni Bushrah kọ. Ní ọdún kejì, ẹyọ kan.

Ṣùgbọ́n ìròyìn ti tàn pé kọ̀ǹpútà wà nílé Ìyá Bushrah. Àwọn obìnrin Yorùbá tó ń ta aṣọ àti ọṣẹ, tí ọmọ wọn wà lókè òkun tàbí tí ẹbí wọn wà ní Ìlọrin àti Ọ̀fà, kò fẹ́ lọ sí kafé íńtánẹ́ẹ̀tì kí àwọn ọ̀dọ́ máa yọjú wo ọ̀rọ̀ wọn. Ọ̀dọ̀ Fàdílátù ni wọ́n ń wá. Àdírẹ́sì í-meèlì rẹ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń lò. Bí lẹ́tà bá dé, tí fọ́tò tàbí ìwé sì wà tí wọ́n so mọ́ ọn, Fàdílátù á tẹ̀ ẹ́ jáde, á fi sínú àpòòwé, á sì pe ẹni tó ni ín. Àmánà ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí wọ́n bá fi àmánà lé lọ́wọ́ kì í tú u wò.

Fàdílátù kì í tú u wò lóòótọ́. Ohun tó máa ń ṣe ni pé ó máa ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n mu omi kí wọ́n tó lọ. Wọ́n á ní àwọn ń kánjú, pé àwọn fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ ní ṣíṣí. Wọ́n á gba àpòòwé wọn, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á lọ. Bó ṣe rí nìyẹn nínú ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá pẹ̀lú. Òun ló ń kọ ohun tí gbogbo ènìyàn bá sọ sílẹ̀. Kò sí ẹni tó bi í rí pé kí ni òun náà rò.

Ó ní a kò gbọdọ̀ sọ èyí láti fi bá òun tọrọ àánú. Kí a kàn sọ ọ́ ni, nítorí ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn ti ṣí.

Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, Ìdíátù wá láti Alajo. Aṣọ ni Ìdíátù ń tà ní Makola. Òun àti Fàdílátù jọ ṣe ọmọdé ní Cow Lane, ṣùgbọ́n òwò àti ọmọ títọ́ ti mú kí ọdún máa gorí ọdún kí wọ́n tó rí ara wọn jókòó tì. Lọ́jọ́ yìí Ìdíátù kò sọ pé òun ń kánjú. Òun fúnra rẹ̀ ló ti ilẹ̀kùn.

"Ìyá Bushrah, mo fẹ́ kí o bá mi kọ lẹ́tà kan," ló wí. "Bí ó bá ti lọ báyìí, pa á rẹ́. Má jẹ̀ẹ́ kó kù sínú nǹkan yẹn."

"Ṣé ọ̀rọ̀ ọ̀hún le tó bẹ́ẹ̀?"

"Ọ̀rọ̀ Tinúkẹ́ ni."

Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé Tinúkẹ́, ọmọ Ìdíátù, fẹ́ fẹ́ Suhaib, àti pé yìgì wọn kù díẹ̀ lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Sàláwù, ọkọ Ìdíátù, ti kú, nítorí náà Yàkúbù àbúrò rẹ̀ ni yóò jẹ́ walí, ẹni tó máa fa ọmọbìnrin lé ọkọ lọ́wọ́ níwájú lémọ́mù. Yàkúbù ti dá agbádá funfun fún ọjọ́ náà.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni pé Ìdíátù kọ́ ló bí Tinúkẹ́. Ọmọbìnrin kan tó ń ta ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wọn ló bí i, ó sì kú lọ́jọ́ tó bímọ. Kò dárúkọ ẹni tó fún un lóyún. Ẹbí kankan kò wá. Ìdíátù àti Sàláwù, tí wọn kò rí ọmọ bí, gbé ọmọ náà lọ sílé. Àwọn ẹbí wọn tó kù ṣì wà ní Nàìjíríà nígbà náà, lára àwọn tí òfin ọdún 1969 lé kúrò ní Ghana. Fàdílátù pàápàá wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi padà dé lọ́kọ̀ọ̀kan, Tinúkẹ́ ti ń rìn, ó ti ń sọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tó ní ìdí láti béèrè ohunkóhun.

Nísinsìnyí, ọkàn Ìdíátù kò balẹ̀. Yàkúbù kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ Tinúkẹ́. Bó bá dúró bíi walí, ṣé yìgì náà yóò dúró lọ́dọ̀ Ọlọ́run? Kò lè bi ẹnikẹ́ni ní Accra. Ó fẹ́ bi Àfáà Ṣàkírù ní Ìlọrin, ẹni tó kọ́ Sàláwù ní kéwú.

Láti àárọ̀ títí di ìrun ọ̀sán ni Ìdíátù ń sọ, tí Fàdílátù ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà míì ó sunkún. Nígbà míì ó rẹ́rìn-ín, bíi ìgbà tó rántí pé Sàláwù ra ìgò ìfúnlọ́mú mẹ́fà lọ́jọ́ kan ṣoṣo nítorí ẹ̀rù ń bà á kí ọ̀kan má fọ́. "Má tẹ ìyẹn," ló wí, ṣùgbọ́n Fàdílátù ti tẹ̀ ẹ́. Wọ́n mu tíì. Wọ́n tún mu òmíràn.

"Bí àfáà bá ti dá mi lóhùn," ni Ìdíátù wí nígbà tó parí, "èmi ni màá fi ẹnu ara mi sọ fún un. Kó gbọ́ ọ lẹ́nu mi, kó wo ojú mi bí mo ṣe ń sọ ọ́. Mi ò tọrọ nǹkan mìíràn lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí ọ̀rọ̀ yìí."

Fàdílátù so ìwé náà mọ́ í-meèlì, ó fi ránṣẹ́ sí Ìlọrin.

"Ṣé ó ti lọ?"

"Ó ti lọ."

"Pa á rẹ́."

"Màá pa á rẹ́."

Kò pa á rẹ́. Ó ní òun gbé ọwọ́ lé e lóòótọ́ lẹ́yìn tí Ìdíátù lọ, ṣùgbọ́n ilé ti dákẹ́, ife tíì méjì sì wà lórí tábìlì. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun á kà á lẹ́ẹ̀kan sí i kí òun tó pa á rẹ́. Lọ́jọ́ kejì ó tún kà á. Lọ́jọ́ kẹrin ó kà á nígbà tó ń jẹun. Kì í ṣe àṣírí náà ló ń wá nínú rẹ̀, ó ti mọ ìyẹn. Ibi tí Ìdíátù ti rẹ́rìn-ín ló ń wá. Inú lẹ́tà yẹn nìkan ni ẹnìkan ti bá a sọ̀rọ̀ fún odindi àárọ̀ kan láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú.

Ó fi orúkọ "Tinúkẹ́" pè é nínú kọ̀ǹpútà, kó lè tètè máa rí i.

Èsì dé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Àfáà Ṣàkírù ní kí Ìdíátù má bẹ̀rù, ẹ̀san wà fún ẹni tó tọ́ ọmọ òrukàn. Ṣùgbọ́n Yàkúbù kò lè ṣe walí. Kí wọ́n jẹ́ kí lémọ́mù dúró dípò, kí ìyá sì sọ òtítọ́ fún ọmọ ṣáájú ọjọ́ yìgì.

Fàdílátù kò pe Ìdíátù pé kó wá gbà á. Ó wọ ọkọ̀ èrò tìrótìró lọ sí Alajo, ó fi àpòòwé náà lé e lọ́wọ́ fúnra rẹ̀, ó sì kà á fún un. Ìdíátù dá ìwé náà padà sínú àpòòwé.

"Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí, lẹ́yìn ìrun," ló wí. "Màá sọ fún un. Wá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Ìyá Bushrah. Mi ò fẹ́ dá nìkan wà."

Fàdílátù ní òun kò rántí bí òun ṣe délé lọ́jọ́ náà. Ìdùnnú ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́rú, í-meèlì kan wọlé. Orúkọ Khàlíl, alága ẹgbẹ́ wọn, ló wà lórí rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, kò ju ìlà méjì lọ. Ó ní ìwé kan wà tí òun so mọ́ ọn, òun sì fẹ́ kó bá òun wò ó, kó fún òun ní ìmọ̀ràn.

Fàdílátù kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Khàlíl, tí kì í wo ojú rẹ̀ nínú ìpàdé àfi bó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti kọ nǹkan sílẹ̀, ń béèrè ìmọ̀ràn òun.

Wọ́n ti kìlọ̀ fún un. Àkíbù, ọkùnrin tó ń tún rédíò àti kọ̀ǹpútà ṣe ní Kotobabi, tó bá a to ẹ̀rọ náà, ti sọ ọ́ fún un lójúkojú. "Màmá, ìwé tí ẹ kò retí, tí wọ́n so mọ́ lẹ́tà, ẹ má ṣí i. Kódà kó jẹ́ orúkọ ọmọ tí ẹ bí ló wà lórí ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ tẹ ẹni náà láago, kí ẹ bi í bóyá òun ló fi ránṣẹ́."

Tẹlifóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó mọ nọ́ńbà Khàlíl lórí. Ohun tí kò jẹ́ kó pè é ni ohun tó fẹ́ kí ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí mọ̀. Kì í ṣe àìmọ̀kan. Ẹ̀rù ló ń bà á pé bí òun bá pè, Khàlíl lè sọ pé àṣìṣe ni, pé ẹlòmíràn ni òun fẹ́ kọ ọ́ sí.

Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó ṣí i.

Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn díẹ̀, ó padà bọ̀ sípò. Kọ̀ǹpútà ń kùn, iná kékeré ara rẹ̀ ń ṣẹ́jú, kò sì dákẹ́ fún ohun tó tó wákàtí kan. Fàdílátù rò pé ogbó ló ń dà á láàmú. Ó jókòó, ó kọ èsì sí Khàlíl. Ó ní ìwé náà kò ṣí, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ilé ìpàdé tí ẹgbẹ́ fẹ́ kọ́ ni, ohun tí òun rò nìyí. Ojú ewé méjì ló kún.

Kí wọ́n tó pe ìrun alásárì, Khàlíl pè é lórí tẹlifóònù.

"Màmá, ìmọ̀ràn kí ni ẹ ń fún mi yìí? Èmi kò kọ nǹkan sí yín. Fáírọ́ọ̀sì kan ló wọ kọ̀ǹpútà mi, ó ń fi orúkọ mi kọ̀wé kiri gbogbo ayé. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ kò ṣí i?"

"Mi ò ṣí i," ni Fàdílátù wí.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọjọ́bọ̀, ó ní kí Àkíbù wá. Àkíbù wo ẹ̀rọ náà, ó béèrè ohun kan, ó tún béèrè òmíràn, lẹ́yìn náà kò béèrè mọ́. Ó ṣàlàyé fún un pé fáírọ́ọ̀sì náà ti kọ̀wé ní orúkọ rẹ̀ sí gbogbo àdírẹ́sì tó wà nínú kọ̀ǹpútà, mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Kò sì lọ lọ́wọ́ òfo. Ó mú ọ̀kan nínú àwọn ìwé inú kọ̀ǹpútà, ó so ó mọ́ gbogbo lẹ́tà náà.

"Ìwé wo ló mú?"

Àkíbù na ìka sí i. Kò ṣí i wò. "Tinúkẹ́ ni wọ́n kọ síbí."

Fàdílátù wọ awò ojú rẹ̀, ó wò ó fúnra rẹ̀.

"Màmá, ẹ pe gbogbo wọn lónìí," ni Àkíbù wí. "Ẹ ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Ẹ máà dúró."

Nígbà tí ó lọ, Fàdílátù ka orúkọ àwọn ènìyàn náà. Khàlíl wà níbẹ̀. Yàkúbù wà níbẹ̀. Suhaib wà níbẹ̀. Tinúkẹ́ wà níbẹ̀, pẹ̀lú àdírẹ́sì ọ́fíìsì tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Osu. Ó gbé tẹlifóònù sókè láti pe Yàkúbù. Ó wá rò ó pé bí òun bá sọ fún Yàkúbù pé kó má ṣí nǹkan kan, ṣíṣí i ni ohun tí yóò kọ́kọ́ ṣe. Ó gbé e padà sílẹ̀.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló yẹ, ó sì mọ̀ ọ́n. Kó wọ ọkọ̀ lọ sí Makola, kó bá Ìdíátù níbi aṣọ rẹ̀, kó ní, "Mo ti ṣe ọ́ ní ibi. Lọ sọ fún ọmọ rẹ nísinsìnyí, kó tó gbọ́." Ọjọ́ kan ṣì wà. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, Ìdíátù kò ní fẹ́ rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀ mọ́. Ó jókòó. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá kò ní sí ẹni tó máa ṣí i.

Ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Tinúkẹ́ ni, pẹ̀lú báàgì iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́jìká, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ẹ káalẹ́. Plíìsì, ẹ fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí mi lánàá." Ó fa ìwé yọ, ó ti tẹ̀ ẹ́ jáde níbi iṣẹ́. "Mo rí orúkọ mi, mo rí ti Màámi. Ẹ mọ̀ pé mò ń gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n láti kà á, orí mi á kàn máa fọ́ ni. Wọ́n ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní ọ́fíìsì, wọ́n ní irú Alata wo lèmi, irú ọmọ Yorùbá wo. Ẹ bá mi kà á."

Ó fi lé e lọ́wọ́. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó jókòó sórí ẹní, ó gbé ojú sókè.

Fàdílátù ní òun wo ìwé náà títí gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fi ń rìn. Òtítọ́ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ láti sọ, ti Ìdíátù ni. Ó lè dá ìwé náà padà, kó ní, "Lọ bi ìyá rẹ." Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni. Kò sọ ọ́. Ó ya ẹnu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí kò sí níbẹ̀. Ó ka aṣọ òkè. Ó ka àwọ̀ sánmọ̀ àti àwọ̀ wáìnì. Ó ní ìyá rẹ̀ ló kọ̀wé sí Ìlọrin pé kí wọ́n hun aṣọ fún ọjọ́ yìgì.

"Gbogbo ìyẹn lórí aṣọ?" ni Tinúkẹ́ wí.

"Ṣé o kò mọ ìyá rẹ ni?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Tinúkẹ́ gba ìwé náà, ó ká a dáadáa. Fàdílátù ní kó fi í sílẹ̀.

"Rárá, Màmá, mo fẹ́ tọ́jú ẹ̀. Màámi kò kọ nǹkan nípa mi rí." Ó fi sínú báàgì. "Mi ò ní sọ fún wọn pé mo ti rí i. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rò pé aṣọ náà máa yà mí lẹ́nu."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Fàdílátù lọ sí Alajo. Ó ti pinnu pé òun á fa Ìdíátù sí ẹ̀yìnkùlé, òun á jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó wọlé, Ìdíátù di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọwọ́ náà tutù. Ó ní òun kò lè jẹun láti àárọ̀. Ó ní, "O ṣeun tí o wá." Fàdílátù jókòó tì í, kò jẹ́wọ́. Tinúkẹ́ wà ní ilé ìdáná, ó ń bu omi sínú ife.

Kí Ìdíátù tó pè é, Yàkúbù wọlé. Láti mọ́ṣáláṣí ló ti wá tààrà. Ó sálámà, wọ́n dáhùn, kò jókòó.

"Ìyàwó," ló wí fún Ìdíátù, "ta ni bàbá Tinúkẹ́?"

"Ọkọ mi, ẹ jókòó ná."

"Mi ò jókòó. Wọ́n ti ka ìwé yìí nílé mi kí èmi tó kà á. Ọmọ mi ló ní kí n wá wo nǹkan. Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, Ìyàwó. Ẹ̀gbọ́n mi kú, kò sọ fún mi. Ìwọ náà kò sọ fún mi. Ẹ fẹ́ kí n wọ agbádá lọ fa ohun tí kì í ṣe tèmi lé ọkọ lọ́wọ́."

Ó fa ìwé náà yọ nínú àpò. Ìdíátù kò mọ̀wé Yorùbá kà, ṣùgbọ́n ó wò ó bí ẹni tó mọ gbogbo ìlà rẹ̀.

Tinúkẹ́ jáde láti ilé ìdáná pẹ̀lú àwo ife. Ìdajì ọ̀rọ̀ náà ló gbọ́, kò tíì yé e. Ó rí ìwé lọ́wọ́ Yàkúbù, ó sì rẹ́rìn-ín, bí ẹni tó fẹ́ parí ìjà.

"Bàbá, èmi náà ní irú ẹ̀. Ọ̀rọ̀ aṣọ òkè ni. Màmá Bushrah kà á fún mi lánàá."

Kò sí ẹni tó wo Yàkúbù mọ́.

Ìdíátù fi ọwọ́ Fàdílátù sílẹ̀. "Kí ni o kà fún un?"

"Aṣọ," ni Fàdílátù wí.

"Mo ní kí o pa á rẹ́."

"Mi ò pa á rẹ́."

"Kí ló dé?"

Fàdílátù mọ ìdáhùn rẹ̀. Ó wà lẹ́nu rẹ̀ pé, mo fẹ́ máa gbọ́ ohùn rẹ nínú ilé mi. Ṣùgbọ́n níwájú Yàkúbù tó dúró, níwájú ọmọbìnrin tó gbé àwo ife dání tí kò mọ ibi tí yóò gbé e sí, ọ̀rọ̀ náà kéré jù.

Ìdíátù gba àwo náà lọ́wọ́ Tinúkẹ́, ó gbé e sílẹ̀. Ó bẹ Yàkúbù pé kó fún àwọn láyè díẹ̀. Ó wá yíjú sí Fàdílátù. "Ìwọ náà, bọ́ síta."

Fàdílátù àti Yàkúbù dúró ní àgbàlá, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Wọ́n ń gbọ́ ohùn Ìdíátù, wọn kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Ó pẹ́. Nígbà kan ohùn náà dákẹ́, wọ́n gbọ́ tí Tinúkẹ́ béèrè nǹkan ní èdè Twi, bó ṣe máa ń ṣe bí ọkàn rẹ̀ bá dàrú, ìyá rẹ̀ sì dá a lóhùn ní Yorùbá.

Tinúkẹ́ ló kọ́kọ́ jáde. Ojú rẹ̀ ti wú. Ó dúró níwájú Fàdílátù.

"Màmá, ó wà lọ́wọ́ yín. Mo jókòó sílẹ̀ níwájú yín, mo ní kí ẹ kà á fún mi, mo sì ń rẹ́rìn-ín."

Ó kọjá lọ.

Ìgbéyàwó náà kò túká. Ẹbí Suhaib tọrọ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ láti fi ronú. Suhaib fúnra rẹ̀ ní òun kò ní ohun tí òun fẹ́ ronú lé. Kí ààwẹ̀ tó wọlé, wọ́n so yìgì, lémọ́mù ló dúró bíi walí. Wọ́n ní Yàkúbù kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá, lẹ́yìn náà ó wọ agbádá rẹ̀, ó jókòó síwájú, ó sì kéde fún gbogbo ẹni tó bá béèrè pé ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ni wọ́n ń gbé níyàwó. Tinúkẹ́ kúnlẹ̀ fún Ìdíátù kó tó jáde nílé, ó sì pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ náà. Gbogbo èyí, ẹnu àwọn ẹlòmíràn ni Fàdílátù ti gbọ́ ọ. Kò sí ẹni tó ní kó má wá. Kò sí ẹni tó ní kó wá.

Àwọn obìnrin kò gbé lẹ́tà wá mọ́. Wọ́n gba kafé íńtánẹ́ẹ̀tì lọ, àwọn ọ̀dọ́ ń yọjú wo ọ̀rọ̀ wọn, wọ́n sì gbà á bẹ́ẹ̀. Fàdílátù ní wọn kò ṣẹ òun. Ohun tó fẹ́ sọ fún ẹ̀yin tó ń fi kọ̀ǹpútà gba ìwé kò pọ̀. Orúkọ ẹni tí o mọ̀ lórí lẹ́tà kò sọ pé ọwọ́ rẹ̀ ló ti wá. Pè é, kódà bí ó bá dùn mọ́ ọ pé ó rántí rẹ. Ìwé tí wọ́n bá sì ní kí o pa rẹ́ kì í ṣe tìrẹ láti máa fi ṣe ọ̀rẹ́.

Lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀, ó lọ sí Makola. Ìdíátù wà láàárín aṣọ rẹ̀, ó ń wọn àǹkárá. Fàdílátù kúnlẹ̀ lórí símẹ́ńtì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ ni wọ́n, àwọn obìnrin tó wà nítòsí sì yíjú sí ibòmíràn. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí dé orí èyí tí kò lè sọ lọ́jọ́ náà, pé nítorí ohùn rẹ̀ ni òun ṣe tọ́jú lẹ́tà náà.

Ìdíátù gbọ́ ọ parí. Ó fà á dìde.

"Mo ti forí jì ọ́," ló wí. "Kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ni mo ti forí jì ọ́, nítorí Ọlọ́run pàṣẹ ẹ̀. Ká ní o wá bá mi níbí ní ọjọ́bọ̀ yẹn, Ìyá Bushrah, kì bá tí sí ohun tí màá ṣẹ̀ṣẹ̀ forí jì. Ọmọ mi ṣì ń pè mí ní Màámi. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá sọ nǹkan fún un báyìí, ó máa ń kọ́kọ́ dákẹ́ ná, kó tó gbà mí gbọ́."

Oníbàárà kan dé, ó béèrè iye aṣọ kan ní èdè Gã. Ìdíátù dá a lóhùn, ó sì tú aṣọ náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀.